Ta Ni Sípíkà Ilé Ọlọ́run Wà Fún?

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Nehemáyà 8:1-12
ẸSẸ ÀKỌ́SÓRÍ: 1 Kọ́ríńtì 14:9

Nínú Bíbélì tí a kà ní òwúrọ̀ yìí, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì péjọ bí ẹnì kan ṣoṣo sí ìta gbangba tó wà níwájú ẹnubodè omi. Wọ́n ní kí Ẹ́sírà akọ̀wé mú ìwé òfin Mósè wá. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ló fi ń kà á fún wọn. Kò sí máìkì, kò sí iná mànàmáná, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ṣe. Ẹsẹ kẹrin sọ pé wọ́n kan àga gíga tí a fi igi ṣe nítorí iṣẹ́ yẹn gan-an. Ẹsẹ keje sọ pé àwọn ọmọ Léfì wà láàrin àwọn ènìyàn, wọ́n ń mú kí òfin náà yé wọn. Ẹsẹ kẹjọ sọ pé wọ́n kà á ketekete, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di ẹsẹ kejìlá, àwọn ènìyàn lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Kí ló fa ayọ̀ náà? Kì í ṣe pé ohùn Ẹ́sírà mi ilẹ̀ tìtì. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn ni.

Àga gíga yẹn ni ẹ̀rọ ìpàdé ọjọ́ náà. A kò kàn án kí Ẹ́sírà lè dà bí ọba lójú ènìyàn. A kàn án kí ẹni tó dúró sẹ́yìn pátápátá lè rí i, kó sì gbọ́ ọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń dá owó jọ láti ra máìkì, míkísà, anpilifáyà àti sípíkà. Owó náà kì í ṣe kékeré, ọrẹ opó àti ti àwọn tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí á dáhùn ìbéèrè kan kí a tó gbéra lọ sí ọjà: ta ni ẹ̀rọ yìí wà fún? Ìdáhùn wa ni yóò sọ ibi tí a ó gbé sípíkà sí, ibi tí a ó dojú rẹ̀ kọ, àti bí a ó ti yí i sókè tó.

OHÙN TÓ DÉ Ọ̀NÀ JÍJÌN KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí á lo ọgbọ́n láti mú ohùn jìnnà. Nínú Máàkù 4:1, nígbà tí èrò pọ̀ jù, Jésù Olúwa wa wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ó jókòó sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì wà ní etí òkun. Ẹni tó bá ti gbé létí omi rí mọ̀ pé ohùn máa ń rìn dáadáa lórí omi tó parọ́rọ́. Ní ọdún 1739, George Whitefield, oníwàásù ará Gẹ̀ẹ́sì, wàásù ní gbangba ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Benjamin Franklin wà níbẹ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ títí ọ̀rọ̀ náà kò fi yé e mọ́, ó ṣírò ilẹ̀ tó wà láàrin, ó sì rí i pé ohùn náà lè dé etí ènìyàn tó lé ní 30,000. Ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí ńlá ti Òkè-Oyè ní Iléṣà, ohùn ẹnu àti agogo ọwọ́ ni a mọ̀ mọ́ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ wá.

Ní ọdún 1915, àwọn méjì kan ní California, Peter Jensen àti Edwin Pridham, gbé ẹ̀rọ tí ń mú ohùn ènìyàn gbilẹ̀ jáde fún aráyé. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré pàápàá ti lè bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀bùn rere ni. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé òye ni Franklin ń wọ̀n. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti yé e mọ́ ló fi pààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ṣì lè dé iwájú ibẹ̀. Òṣùwọ̀n yẹn náà ni Pọ́ọ̀lù lò nínú ẹsẹ àkọ́sórí wa: ọ̀rọ̀ tí kò bá yé ẹni tó ń gbọ́, afẹ́fẹ́ la ń bá sọ ọ́.

ÌYÁ ÀGBÀ TÓ JÓKÒÓ SẸ́YÌN

Ìró tó ga àti ìró tó yéni kì í ṣe ohun kan náà. Nínú èdè Yorùbá, ìró bíi f, s, ṣ, t àti k ló ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ìró tínrín ni wọ́n, wọn kò lágbára tó a, o àti u. Nígbà tí a bá fi báàsì kún ẹ̀rọ ju bó ti yẹ lọ, ó máa ń bo àwọn ìró tínrín yìí mọ́lẹ̀. Pásítọ̀ lè máa wàásù nípa ìfẹ́, kí ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn máa gbọ́ ìṣẹ́. Ìró tínrín wọ̀nyí náà ni etí àgbàlagbà sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Ìyá náà yóò ṣe Àmín, nítorí ó rí i pé gbogbo ènìyàn ń ṣe Àmín, ṣùgbọ́n ebi ọ̀rọ̀ ni yóò bá lọ sílé.

Ilé wa náà ń dá kún un. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, táìlì ilẹ̀ àti gíláàsì ojú fèrèsé kì í gba ìró mọ́ra; ṣe ni wọ́n ń ta á padà. Ọ̀rọ̀ kan kò tíì kú tán tí òmíràn fi ń gun orí rẹ̀. Bí a bá rò pé kí á yí ẹ̀rọ sókè sí i ni ìwòsàn rẹ̀, ìró àtapadà náà yóò ga bákan náà, wàhálà kò sì ní tán. Kọ́tìnì tó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì àti ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń mu ìró. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí a tò dáadáa nínú ilé òfìfo ní ọjọ́ Sátidé fi máa ń yàtọ̀ nígbà tí ilé bá kún ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà mìíràn, ohun tí ìjọ nílò ni kọ́tìnì, kì í ṣe sípíkà mìíràn.

Nítorí èyí, kí ẹni tó ń bójú tó míkísà má ṣe jókòó sínú yàrá kan ní kọ̀rọ̀. Kó jókòó láàrin ìjọ, níbi tí yóò ti máa gbọ́ ohun tí ìjọ ń gbọ́. Kí ó sì jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Nígbà tí Dáfídì ń gbé àpótí ẹ̀rí bọ̀, Kenáníà ni ó fi ṣe olórí orin, Bíbélì sì sọ ìdí rẹ̀ nínú 1 Kíróníkà 15:22: ó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ọmọ Léfì ni arákùnrin tó wà nídìí míkísà. Ẹ má ṣe bínú sí i lórí pẹpẹ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ké fíìì. Ẹni tó gbé máìkì lọ síwájú sípíkà ló sábà máa ń fà á, nítorí ohùn tó jáde láti inú sípíkà tún padà wọ inú máìkì, ó sì ń yí po.

ỌMỌ KÉKERÉ TÓ JÓKÒÓ SÍWÁJÚ

Bí a ti ń ro ti ẹni ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ ká ro ti ẹni iwájú náà. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ìró ti ga tó. Ní ìta gbangba, bí a bá jìnnà sí sípíkà ní ìlọ́po méjì, ìró rẹ̀ máa ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé a ń ṣe ìsọjí ní pápá, sípíkà kan wà nílẹ̀ níwájú, a sì fẹ́ kí ẹni tó wà ní mítà 16 gbọ́ ọ ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80. Ẹni tó wà ní mítà 8 yóò gbọ́ ọ ní 86, ti mítà 4 yóò gbọ́ ọ ní 92, ti mítà 2 ní 98, ti mítà kan péré ní 104. Ta ló sì máa ń jókòó sí mítà kan? Àwọn ọmọdé ni, lórí ẹní, níwájú pátápátá.

NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbà pé etí òṣìṣẹ́ lè fara da dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́. Ìgbàkígbà tí a bá fi 3 kún un, kí á dín àkókò náà kù sí ìdajì. Bó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ pé níbi eré orin, kí ìró má ṣe ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 lọ ní ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 15. Ìsìn tiwa ń kọ́? Wákàtí mẹ́ta, nígbà mìíràn òru mọ́jú. Àwọn irun wẹ́wẹ́ inú etí tó ń gba ìró, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù padà. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i: a gbé ọmọ wá sí ilé Ọlọ́run kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń ba etí tí yóò fi gbọ́ ọ jẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ gbé sípíkà sókè, kí ẹ sì dojú rẹ̀ kọ àwọn ènìyàn láti òkè wá. Nígbà náà, ọ̀nà tó jìn sí ẹni iwájú àti èyí tó jìn sí ẹni ẹ̀yìn kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ilé bá gùn, ẹ fi sípíkà kéékèèké sí agbedeméjì, dípò kí ẹ fi méjì ńláńlá sí iwájú. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kí ẹni tó mọ iṣẹ́ dá ti agbedeméjì dúró díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa dé etí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọgbọ́n Ẹ́sírà náà nìyí: àga gíga níwájú, àwọn ọmọ Léfì láàrin èrò.

ALÁDÙÚGBÒ TÓ WÀ LẸ́YÌN ÒGIRI

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dé ibi tó le. Ọ̀pọ̀ wa ni ìyá àgbà àti ọmọ kékeré kọ́ ni a ń rò nígbà tí a bá ń ra ẹ̀rọ. Àdúgbò ni a ń rò. A fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ti dé. A ó so hóònù ẹlẹ́nu gbàgàdà mọ́ òkè ilé, a ó dojú rẹ̀ kọ títì, a ó sì yí i dópin ní aago méjì òru.

Ta ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn? Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé. Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọmọ tó ní ìdánwò lọ́la. Awakọ̀ tí yóò jí ní aago mẹ́rin láti kó èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí oorun bá gbé awakọ̀ náà lórí ìrìn nítorí pé kò rí oorun sùn mọ́jú, ṣé a lè wẹ ọwọ́ wa pé kò kàn wá? Báàsì kì í bọ̀wọ̀ fún ògiri. Ó máa ń gba ara rẹ̀ kọjá sí yàrá onílé kejì. Ó ṣe é ṣe kí ọ̀rọ̀ ìwàásù má dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, kó jẹ́ pé kìkì gìdìgbò ìlù ni wọ́n ń gbọ́ lórí ibùsùn. Òwe 27:14 ti sọ ọ́ fún wa: ẹni tó dìde ní kùtùkùtù láti fi ohùn rara súre fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, èpè ni a ó kà á sí fún un. Ìre ni ó ń sú o! Síbẹ̀, nítorí àkókò àti ohùn tó fi sú u, ó yí padà di èpè.

Ní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun ti ti ilé ìjọsìn 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Ìwọ̀n tí àjọ LASEPA fi lélẹ̀ fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru. Ohùn ènìyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ nítòsí ara wọn tó nǹkan bíi 60. A máa ń yára pe irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní inúnibíni. Àmọ́ 1 Pétérù 2:20 béèrè ògo tó wà nínú kí ènìyàn jìyà nítorí àṣìṣe ara rẹ̀, kó sì fara dà á. Bí a bá ti ilé ìjọsìn pa nítorí Jésù, adé ni. Bó bá jẹ́ nítorí báàsì, adé kò sí níbẹ̀.

ÀWÍJÀRE WA

Ẹnì kan yóò wí pé, “Pásítọ̀, ṣebí Orin Dáfídì 150 ní kí á fi aro olóhùn òkè yin Olúwa, ariwo ni odi Jẹ́ríkò sì fi wó.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka Jóṣúà 6:10. Jóṣúà pàṣẹ pé kí ohùn kankan má ṣe jáde lẹ́nu wọn títí di ọjọ́ tí òun yóò ní kí wọ́n hó. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi dákẹ́. Ìgbọràn ló wó odi náà. Ẹ sì rántí pé àwọn wòlíì Báálì kígbe láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, Èlíjà sì fi wọ́n ṣẹ̀sín pé bóyá ọlọ́run wọn ń sùn. Ọlọ́run tiwa kì í sùn. Aládùúgbò wa ló ń sùn.

Òmíràn yóò wí pé ilé ọtí tó wà ní ìkòríta ń pariwo jù wá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni ilé ọtí ti di òṣùwọ̀n fún ilé Ọlọ́run?

Èyí tó wúwo jù ni ti ẹni tó wí pé, “Bí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan bá gbọ́ lórí ibùsùn rẹ̀ tó sì ronú pìwà dà ńkọ́?” Èmi kò ní bu àbùkù lu ìbéèrè yìí. Ọkàn kan ju gbogbo ayé lọ, Ọlọ́run sì lè lo ohunkóhun. Ẹ jẹ́ ká wo Pọ́ọ̀lù àti Sílà nínú Ìṣe 16. Wọ́n kọrin ní ọ̀gànjọ́ òru, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ń tẹ́tí sí wọn. Ohùn ẹnu lásán ni, nínú ìyà tiwọn fúnra wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì, tí ìlẹ̀kùn ṣí, onítúbú fẹ́ pa ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ké sí i ní ohùn rara pé kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìgbà kan ṣoṣo tí a gbọ́ pé Pọ́ọ̀lù gbé ohùn sókè sí onítúbú yẹn, láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là ni. Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin náà béèrè ọ̀nà ìgbàlà. Ẹni tó mọ̀ pé a bìkítà fún òun ló máa ń béèrè Ọlọ́run wa. Ẹni tí a kò jẹ́ kó sùn fún ọdún méjì, bí a bá gbé ìwé ìléwọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ni yóò wí?

OORUN TA NI A FI Ń RÚBỌ?

Nínú 2 Sámúẹ́lì 24:24, Àráúnà fẹ́ fún Dáfídì ní ilẹ̀ ìpakà, màlúù àti igi lọ́fẹ̀ẹ́. Dáfídì kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí òun kò náwó lé rú ẹbọ sísun sí Olúwa. Ẹ̀yin ará, ìsọ́ òru jẹ́ ẹbọ. A ń fi oorun wa lélẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn Ọlọ́run, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n oorun tiwa ni a ní láṣẹ láti fi rúbọ. Oorun nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe tiwa. Oorun awakọ̀ yẹn kì í ṣe tiwa. Àráúnà tilẹ̀ fínnúfíndọ̀ fún Dáfídì, Dáfídì kọ̀. Aládùúgbò wa kò fún wa, àwa sì mú un. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn láìtọrọ, tí a wá gbé síwájú Ọlọ́run, ṣé a lè pè é ní ẹbọ ìyìn?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń bọ̀ wá ya. Kí ìlù tiwa má ya mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ohùn wa dé etí ẹni tó wá gbọ́, kó yé e, kó sì dúró sí ibi tí ilé wa parí sí. Kí ìwà wa ló kọjá ògiri lọ bá aládùúgbò.

ÌGBÉSẸ̀ FÚN ỌJỌ́ ÒNÍ

1. Bí ẹ bá dé ilé ìjọsìn, ẹ lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn pátápátá. Ṣé ẹ gbọ́ ìfẹ́ ni, tàbí ìṣẹ́?
2. Nígbà tí ìsìn bá ń lọ, kí alàgbà kan jáde lọ dúró sí ẹ̀bá fèrèsé onílé kejì. Ohun tó bá gbọ́ níbẹ̀, kó wá ròyìn rẹ̀ fún ìjọ.
3. Ẹ sọ hóònù tó dojú kọ títì kalẹ̀. Lóru, ẹ dín báàsì kù, ẹ ti fèrèsé, tàbí kí ẹ fi ohùn ẹnu lásán gbàdúrà.
4. Ẹ lọ kí àwọn aládùúgbò. Ẹ bi wọ́n bí ìró wa ti rí sí wọn, kí ẹ sì fi ìrẹ̀lẹ̀ gba ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín.

KÓKÓ ÀDÚRÀ

1. Baba, a dúpẹ́ fún ẹ̀bùn etí àti ẹ̀bùn ohùn.
2. Olúwa, dárí jì wá níbi tí a ti fi ariwo rọ́pò agbára Rẹ.
3. Olúwa, fún àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ nínú ìjọ wa ní ọgbọ́n àti sùúrù.
4. Baba, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Rẹ yé àgbà àti ọmọdé láàrin wa, kí àwa náà lè fi ayọ̀ lọ sílé.
5. Olúwa, fún àwọn aládùúgbò wa ní oorun dídùn ní alẹ́ òní, kí wọ́n sì rí Jésù nínú ìwà wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.